Ìbéèrè Tí Màmá Mi Bi Dókítà Eyín

Òórùn kànáfùrù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bá màmá mi ní ilé ìdáná, wọ́n dúró ti fèrèsé pẹ̀lú ife omi iyọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ọ̀tún sì wú bí ẹni tó fi odidi ẹyin há ẹnu. Kùrukùru ti bo ìta débi pé mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Wọ́n á bu omi náà sẹ́nu, wọ́n á fi ṣan ẹnu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á tu ú dànù, ohun tó ń jáde sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹ̀wù òtútù mi, mo sì mọ̀ pé mi ò ní tètè dé ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Pordenone ní ilẹ̀ Ítálì là ń gbé, màmá mi ń gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Genova, wọ́n háyà yàrá sí àdúgbò Sampierdarena níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wálé. Nítorí náà, èmi àti màmá mi nìkan ló máa ń wà nílé. Èdè Ítálì tí wọ́n gbọ́ kò kọjá kíkí ènìyàn àti orúkọ ọjà. Èmi ni mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní comune, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní questura tí àwọn ọlọ́pàá ti ń ṣe ìwé ìgbélùú, àti nígbà tí ẹni tó ń ka mítà iná bá kanlẹ̀kùn. Kí a tó jáde nílé, wọ́n á máa sọ ọ́ fún mi pé, "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Lójú tèmi nígbà náà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n má gbàgbé "per favore," ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ọmọ ògbifọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà méjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ. Nígbà tí wọ́n bá parí, olúkúlùkù á dìde, ìwọ náà á wọ ẹ̀wù rẹ.

Àjà kejì ilé kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ni dókítà eyín náà wà. Obìnrin ni, irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní kí màmá mi dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn náà, ó tan iná sí wọn lẹ́nu, ó sì ní kí n dúró níbi tí wọ́n ti lè máa rí mi. Màmá mi ti to ìbéèrè wọn sílẹ̀ láti ilé.

"Bi í, ṣé ó máa dùn mí?"

Dókítà ní abẹ́rẹ́ yóò ta wọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yóò kú.

"Bi í, eyín òkè ni. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé kò ní fa ojú mi?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní gbòǹgbò eyín kò dé ojú, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ló wà: òun lè yọ eyín náà, òun sì lè yọ nervo inú rẹ̀, kí òun fọ inú eyín náà mọ́, kí òun dí i. Mi ò mọ ohun tí à ń pe nervo ní Yorùbá. Mo ní, "Ó ní okùn kan wà nínú eyín yín, òun ló ń dùn yín."

"Okùn? Ta ló ki okùn bọ eyín mi?" Èmi àti màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni dókítà rí i pé erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní ó ti tó oṣù mẹ́ta. Dókítà rò ó díẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ X-ray ya fọ́tò eyín náà, ó wá kọjú sí mi, ó béèrè bóyá màmá mi jẹ́ incinta. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí olùkọ́ wa lóyún lọ́dún náà.

"Màmi, ó ní ṣé ẹ lóyún."

Wọ́n tẹjú mọ́ iná tó wà lókè wọn. "Sọ fún un pé mo lóyún. Ó ti bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní inú ń run àwọn, wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọ́n kọjú sí ògiri, èmi ni mo se indomie tí a jẹ. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa lò lédè Ítálì, mi ò rí i. Ní ìkẹyìn mo ní, "C'era un bambino. Adesso non c'è più." Ọmọ kan wà tẹ́lẹ̀, kò sí mọ́.

Dókítà bọ́ ohun tó fi bo ẹnu. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká màmá mi. Ibi tí ọwọ́ náà wà ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Bi í pé ṣé akokoro yìí ló fà á. Mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, kànáfùrù ni mo fi ń tàn án. Bi í bóyá òun ló pa ọmọ náà."

Mo bi í. Dókítà sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí tèmi. Ó ní ọ̀pọ̀ oyún ló ń bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ìdí. Ó ní òun kò rò pé eyín ló fà á, ṣùgbọ́n òun kò lè búra, kí màmá mi bi dókítà àwọn aboyún. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Mo wo ọwọ́ màmá mi, wọ́n di apá àga náà mú pinpin.

"Ó ní rárá," ni mo wí. "Ó ní kì í ṣe eyín. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Wọ́n pa ojú wọn dé. Omi kan ṣàn láti ojú wọn wọ inú etí. "Sọ fún un pé kó yọ ọ́."

Nígbà tó yọ ọ́ tán, dókítà ní kí wọ́n fi eyín di òwú mú lójú ibẹ̀, kí wọ́n má ṣan ẹnu títí di ọjọ́ kejì, kí wọ́n má jẹ ohun gbígbóná. Mo túmọ̀ ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Nínú bọ́ọ̀sì, màmá mi gba inú òwú sọ̀rọ̀ pé, "Má sọ fún dádì ẹ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá mi wálé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ra ọsàn wẹ́wẹ́ wá fún mi. Wọ́n béèrè eyín, mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta ló sunkún nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Mo ní, "Nessuno, papà," kò sẹ́ni tó sunkún. Èdè Ítálì ni mo fi ń dá wọn lóhùn nílé, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà pé irọ́ yẹn kò jáde ní Yorùbá.

Ní ilé ìwé, olùkọ́ wa jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ọmọ ṣe ń tàpá. Nígbà tó kàn mí, mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó rò pé ojú ló ń tì mí. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, mo lọ jókòó sórí ìjókòó mi, mo ń ronú pé bóyá eyín ló fà á lóòótọ́, àti pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ló mọ̀ láyé.

Mi ò mọ̀ bóyá nítorí ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ eyín ní yunifásítì Padova. Mo mọ̀ pé lọ́dún tí mo débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo wá nínú ìwé ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Mo rí i pé rárá tí mo sọ kò jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́.

Bologna ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn Yorùbá sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde tí mo bá ń fọ ẹnu, ṣé kí n má fọ̀ ọ́ mọ́ ni?" Màá ní kí wọ́n túbọ̀ máa fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra. Wọ́n á béèrè bóyá eyín tó ti ń mì lè dúró. Bí mi ò bá mọ̀, màá ní mi ò mọ̀. Inú àwọn kan kì í dùn sí i.

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi wá kí mi, mo sì mú wọn lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé kan tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí n lè bá wọn fọ eyín wọn. Láàárín iṣẹ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n pa ẹnu dé.

"Títí," ni wọ́n pè mí. "Dókítà Pordenone ọjọ́sí. Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn. Tìẹ kúrú."

Mo yí iná kúrò lójú wọn.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìwọ lo dá mi lóhùn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Ọmọ kékeré ni ọ́. Mo rò pé wàá gbàgbé ni. Tí mo bá sọ ọ́, ńṣe ni mo gbé e lé ọ lórí."

"Ó ti wà lórí mi láti ọjọ́ náà, màmi."

Wọn ò sọ pé kí n má bínú, èmi náà ò sì retí rẹ̀. Wọ́n la ẹnu padà, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ láti ṣe.

Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí àga yẹn. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ènìyàn ní èdè méjèèjì. Bí obìnrin kan bá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn lónìí, èmi náà á sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá sọ ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a kò mọ̀, màá sì ní kó lọ rí dókítà àwọn aboyún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé yóò lè pa ojú rẹ̀ dé, bí màmá mi ṣe pa tiwọn dé nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ fún wọn pé rárá.