Orin Tí Kàfáyàtù Kọ Láì Wé Gèlè

"Má tíì fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn ránṣẹ́ o, Jìbírílù. Mi ò wé gèlè."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi Kàfáyàtù sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, ní January 1985. Ó sáré bá bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Edgewater, ní Chicago níbí. Lọ́sàn-án, wọ́n pè mí lórí fóònù. Ọkàn ẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ.

Màmá wa ní Ìsẹ́yìn ò mọ̀wé. Kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Oṣooṣù ni Kàfáyàtù ń kọ wákà sí i fún wọn, kì í sì í kọ ọ́ láì múra: ìró òfì, bùbá, ìborùn, gèlè, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i àfi èmi.

Dorothy, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Kaf, ta ló ń wò ẹ́ nínú rẹ́kọ́dà?"

"Màmá mi ni. Tí mo bá fi aṣọ ilé kọrin, wọ́n á mọ̀."

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń wọ aṣọ ilẹ̀ wọn. Àwọn ará Poland àti Mẹ́síkò á wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, wọ́n á bọ́ ọ. Kàfáyàtù ò ní bọ́ tiẹ̀. Inú òfì ló máa ń wà tí á fi wẹ àwọn arúgbó, tí á máa kọrin fún wọn, títí àsìkò iṣẹ́ ẹ̀ á fi parí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó kú, Bùrọ̀dá Mùsílíù, ará ìlú wa tó ń lọ sílé ní Ìsẹ́yìn, yà sọ́dọ̀ mi.

"Ìyá yín ránṣẹ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa ikú náà. Ohùn Kàfáyàtù tó bá kù lọ́dọ̀ ẹ, kí n mú un bọ̀."

Ọ̀kan péré ló kù, èyí tó kọ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

"Ó ní kí n má fi ránṣẹ́. Kò wé gèlè."

"Gèlè! Ta ló ń rí gèlè nínú kásẹ́ẹ̀tì?"

"Màmá á mọ̀."

"Jìbírílù, ṣé tìtorí gèlè ni, àbí o fẹ́ fi í pamọ́ fún ara ẹ?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo gbé e fún wọn, wọ́n jáde.

Ara mi ò balẹ̀. Mo fi àtẹ̀gùn sáré sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹjọ, láìwọ bàtà, yìnyín sì wà nílẹ̀. Mọ́tò wọn ò tíì lọ. Mo gbá gíláàsì, wọ́n yí i wálẹ̀.

"O fẹ́ gbà á padà?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun mìíràn ló jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ sọ fún Màmá pé bọ́ọ̀sì ni Kàfáyàtù ń kánjú bá. Ẹ bá a bẹ̀ wọ́n."

"Màá sọ. Wọlé lọ, òtútù á pa ẹ́!"

Wọ́n lọ.

Mo gòkè padà. Bọ́tìnnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi; Kàfáyàtù ò ní wọ irú ẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Mo wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú kí òwú tó wọ ojú ẹ̀. Mo jókòó, mo ń rán an mọ́ ọn.