Ẹ Fọwọ́ Gbọ́ Wáìnì

Tí mo bá gbóòórùn èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, yàrá wa ní Àmùkòkò ló ń wá sí mi lọ́kàn. Èèpo yẹn ló ń mú wáìnì tí à ń tà níbẹ̀ nígbà náà hó. Màámi kì í jẹ́ ká fi yíìsì sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàámi ti ibi iṣẹ́ wọn ní pọ́ọ̀tù dé, wọ́n gbé etí lé kẹ́ẹ̀gì wáìnì.

"Kò hó. Ká kúkú da yíìsì sí i."

Èmi náà gbé etí lé e. Ó ń dún ṣììì, bí epo gbígbóná.

Màámi gbé ọwọ́ Bàámi lé ara kẹ́ẹ̀gì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ fọwọ́ gbọ́ ọ."

Mo rò pé eré ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ pọ́ọ̀tù ti ba etí Bàámi jẹ́, Màámi sì ti mọ̀ tipẹ́.