Àtẹ́wọ́ fún Ca₂O₂

Ó ti pẹ́ tí Olúyẹ́misí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì nílùú Oǹdó, síbẹ̀ tíṣà àwọn òbí ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí ló gbà á síṣẹ́, ìjọba ò mọ̀ ọ́n rí. Lónìí, ó dúró níwájú kíláàsì kan ní Àkúrẹ́, ọ̀gá ìjọba kan láti ọ́fíìsì wọn ní Alágbàká sì jókòó sẹ́yìn, báírò lọ́wọ́. Bó bá kọ́ àwọn ọmọ yìí dáadáa lójú ọ̀gá, ìjọba á gbà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di mọ́tò Oǹdó.

Ó ní alumíníọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kitírọ́ọ̀nù mẹ́ta tó fẹ́ fi sílẹ̀, ọ́síjìn ń wá méjì. Kí ohun tí ọ̀kan ń fúnni lè bá ohun tí èkejì ń gbà mu, ẹ gbé nọ́ńbà eléyìí fún tọ̀hún, kí ẹ gbé ti tọ̀hún fún eléyìí. Ó kọ Al₂O₃. Wọ́n jọ ṣírò ó: mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀. Ó ṣe gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá náà, Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, dìde. Ó nàka sí ọmọbìnrin kan. "Ìwọ, wá ṣe ti kálísíọ̀mù àti ọ́síjìn. Méjì-méjì ni tiwọn."

Peculiar lorúkọ ọmọ náà, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó gbé nọ́ńbà síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an: Ca₂O₂.

"O káre!" ni ọ̀gá wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Kíláàsì mì tìtì.

Olúyẹ́misí wo pátákó. Háà, kò tọ̀nà! Nígbà tí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan sí ọ̀kan ti tó. Òun ló gbàgbé láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń bá ọ̀gá tó mú báírò dání jiyàn lójú ọmọdé? Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbí lóòótọ́, ó ń pàtẹ́wọ́! Inú bí i sí ọ̀gá, inú bí i sí ara ẹ̀. Ó wo Peculiar tó ń rẹ́rìn-ín, àánú ọmọ náà ṣe é. Ọmọ yìí á gbé àṣìṣe yìí wọ yàrá ìdánwò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Olúyẹ́misí sún mọ́ pátákó. "Peculiar ṣe ohun tí mo kọ́ ọ. Èmi ni mi ò kọ́ ọ tán. Kálísíọ̀mù ń fúnni ní méjì, méjì náà ni ọ́síjìn ń wá. Ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ó parí." Ó nu méjì méjèèjì kúrò. CaO ló kù.

Ọ̀gá wo pátákó títí, kò rẹ́rìn-ín.

"Magnẹ́síọ̀mù àti ọ́síjìn ńkọ́? Méjì-méjì làwọn náà."

Peculiar ló tún lọ. Ó kọ MgO, kò fi nǹkan kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ọmọ yíjú sí Olúyẹ́misí. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè náà gbé báírò ẹ̀ dúró, ó ń wo ẹnu ẹ̀.

"Ó tọ̀nà," ni Olúyẹ́misí wí.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.