Ìràwọ̀ Méjì-Méjì Tí Mo Kọ Sódì

Ìdí mi kì í gba ìjókòó. Ìyá wa máa ń sọ pé bí mo ṣe sáré jáde nínú ikùn ṣáájú èkejì mi náà ni mo ṣì ń sáré títí dòní. Síbẹ̀, iṣẹ́ ìjókòó ni mo wá ń ṣe jẹun: ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì. Àwọn èèyàn rò pé ìta la máa ń dúró sí, ká gbójú sókè. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ló ń ya fọ́tò ọ̀run. Èmi ń jókòó ti kọ̀mpútà, mò ń kọ ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà àti bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe tó.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé àwọn ìràwọ̀ tó ń rìn ní méjì-méjì lé mi lọ́wọ́. Mo ń yangàn. Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, ta ni wọn ì bá tún gbé ìbejì fún? Òfin wọn ò le: èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni nọ́ńbà kìíní; bí ìmọ́lẹ̀ wọn bá dọ́gba, èyí tó bá kọ́kọ́ yọ ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó pè mí. Gbogbo àwọn tó dọ́gba ni mo kọ sódì. Èyí tó kẹ́yìn yọ ni mo fi ṣe kìíní, láti òkè délẹ̀.

N ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo ṣe é. Nílé wa, ẹni tó kẹ́yìn jáde ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán àbúrò ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ta ló máa wá kọ àbúrò síwájú ẹ̀gbọ́n? Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fojú ara mi yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á gbé e fún ẹlòmíì.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni. Mo gbé kọ̀mpútà délé wa ní Igbó-Ọrà, n ò lè gbọ́wọ́ lé e. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ mumi, mo padà. Mo bú ọ̀gá mi nínú, mo tún bú ara mi. Ká sòótọ́, bí ẹni ń rí ẹ̀gbọ́n mi fín ló ń ṣe mí.

Ẹ̀yìnkùlé ni èkejì mi wà, ó ń yan gàrí. Láti ìgbà tí a ti jáde ìwé mẹ́fà ló ti ń yan án. Bàbá wa ní agbára òun ò ká ọmọ méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Èkejì mi ní kí wọ́n rán mi lọ, pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá ni wá nígbà náà.

"Kí ló ń lé ẹ kiri bí adìẹ tó ń wá ibi yé sí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo rò pé á bá mi bú ọ̀gá.

"Yí i padà," ló wí. "Ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹ fi síwájú. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣe ẹ̀gbọ́n."

Kò gbójú sókè, ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. Ojú tì mí. Ogójì ọdún la pé lọ́dún náà, n ò bi í léèrè rí. Mo wá bi í bóyá ó wu òun náà láti lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn.

"Ìsinsìnyí lo tó bi mí?"

Mo parí iṣẹ́ náà kí ọ̀sẹ̀ tó tán, ọ̀gá mi sì gbà á. Nígbà tí mo ń padà, èkejì mi di gàrí fún mi, ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀, ó ṣàdúrà fún mi. Kò tíì dáhùn ìbéèrè mi.