Sàlámì Tí Mo Pè Wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó kọ́kọ́ lọ jókòó sí yàrá ìyá mi lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Tó bá jáde, kó wá tún ẹnu ẹ̀ là. Èmi kì í ṣe ojo. Láti CMS dé Sandgrouse, ta ni ò mọ̀ mí? Mo ti fọwọ́ lásán gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ ìta rí. Ẹ bi wọ́n.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mò ń rà nílé onílé, tí mò ń tà fún àwọn tó ń fi wé ẹ̀pà àti iyọ̀ lọ́jà Sandgrouse. Prámárì mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ bébà tó mi. Tí mo bá ti gbóòórùn ẹ̀, mo ti mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ràfíù ló fa gbogbo ẹ̀, aládùúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún tí wọ́n kó ìjọba lọ sí Àbújá ni. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bàbá bàbá yín, tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó bí i! Àlejò ni yín ládùúgbò yìí. Ẹ rọra máa jẹran."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín!

Òótọ́ ni pé a ò mọ̀ ju pé Sàlámì lorúkọ ẹni tó bí bàbá àgbà, àti pé obì ló ń tà. A ò mọ ojú ẹ̀, a ò mọ sàréè ẹ̀. Mo búra pé màá wá a rí. Látìgbà náà, bébà kì í gba ọwọ́ mi kọjá kí n má wo ojú ewé tí wọ́n ti ń kéde òkú.

Ó pẹ́ o. Àfìgbà tí wọ́n pè mí sí ilé àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà pé kí n wá kó bébà tó wà lókè àjà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Fọ́tò ọkùnrin kan tó dé fìlà gogoro, láti orí dé àyà. Yorùbá ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀: Sàlámì, oníṣòwò obì, Ìsàlẹ̀ Èkó, ti dolóògbé. Eku ti jẹ ibi tí orúkọ àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ wà.

Mo sáré gbé e lọ bá ìyá mi. Ìyá mi ti jẹ́ ìyàwó ilé wa nígbà tí bàbá àgbà ṣì wà láyé. Àwọn ni wọ́n tọ́jú bàbá àgbà títí bàbá fi kú.

"Sàlámì mélòó ló ta obì ní Ìsàlẹ̀ Èkó?" ni wọ́n bi mí.

"Ìyá, ẹ wo imú ẹ̀. Ṣé imú mi kọ́ nìyẹn?"

"Imú gbogbo ayé ni. Má pe ẹni tí o ò mọ̀ wọlé o."

Mo ká bébà náà sápò. Obìnrin ni wọ́n, ta ni Ràfíù fi ṣẹ̀sín, àwọn ni àbí èmi?

Ọdọọdún la máa ń ṣe sàráà fún àwọn òkú ilé wa nínú yàrá ìyá mi. Ààfáà á máa pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, níwájú àga ìrọ̀gbọ̀kú bàbá àgbà. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá ti pe bàbá àgbà, ẹ máa gbọ́ ikọ́ wọn nínú àga yẹn, ikọ́ aáṣáà. A bá a dàgbà ni. Kì í bà wá lẹ́rù.

Lọ́dún yẹn, mo ní kí ààfáà fi Sàlámì ṣáájú gbogbo wọn. Mo gbé fọ́tò náà sórí àga. Mo pe Ràfíù kó wá gbọ́. Ó ń mu sóbò ẹ̀, ojú ẹ̀ wálẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá dé orí orúkọ bàbá àgbà, inú àga dákẹ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ikọ́ náà ti dún.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ìyá mi fà mí láṣọ.

"Bàbá wà níta," wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé."

"Ta ni ò jẹ́?"

Wọ́n fẹnu júwe àga. "Ẹni tó o pè."

Mo yíjú. Aṣọ àga náà ti wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn jókòó sí i.

Ẹ gbà mí gbọ́, oòrùn ṣì ń ràn lójú fèrèsé. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà ẹ̀. Ojú ẹ̀ kò láwọ̀. Àmì tótòòtó dúdú kéékèèké ni, bíi ti fọ́tò inú bébà. Tí mo bá sún mọ́ ọn, tótòòtó yẹn á fọ́n ká. Tí mo bá fà sẹ́yìn, á tún di ojú. Fọ́tò yẹn, àyà ló mọ. Òun náà, àyà ló mọ. Nísàlẹ̀, àga lásán ni.

"Ọmọ mi," ó ní, ohùn ẹ̀ ń ró bíi bébà tí wọ́n ń ṣí. "O pẹ́ kó o tó pè mí."

Bí mo ṣe dé títì, n ò mọ̀. Bàtà mi kan ò bá mi jáde.

Mo sáré lọ bá ààfáà tó pe orúkọ náà, ó mi orí. "Ẹni tá a ti fi àdúrà pè ní bàbá, ta ló máa lé e? Lọ wá àwọn ọmọ ẹ̀ gan-an. Àwọn nìkan ló lè pè é lọ sílé."

Látìgbà náà ni mo ti ń wá wọn. Àwọn tó ni ilé Pópó Àgùdà yẹn ti kó lọ. Ràfíù gan-an ń bá mi tú bébà báyìí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá mi kọ̀, wọn ò kúrò nínú yàrá yẹn. "Tí n bá lọ, ta ni bàbá mọ̀ níbẹ̀ mọ́?" Wọ́n ti fi ibùsùn sílẹ̀, orí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n ń sùn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ẹ máa bọ̀, bàbá." Ikọ́ nìkan ló ń dáhùn. Ìyá mi ń gbẹ lójú mi bí ewé tí wọ́n já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ìdílé yín nínú bébà, ẹ máa wá a. Àmọ́ òkú tẹ́ ẹ ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fẹnu yín pè é ní bàbá. Òkú tí kò léèyàn, etí ẹ̀ ń gbọ́ ju tẹni tó léèyàn lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni Sàlámì yìí, ẹ dákun, ẹ wá pè é.

Lánàá, inú àga ni ikọ́ yẹn ti dún. N ò mọ̀ bóyá bàbá ti rọ́nà wọlé, àbí àlejò yìí ti gba ikọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá mi kò tíì padà sórí ibùsùn.