Ọsàn Tó Dá Bọ́ọ̀sì Dúró

Kòṣeébẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní ẹnubodè, kò sì bínú sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń yẹ báàgì èrò wò, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé èso tàbí ewé tó ní kòkòrò wọ̀lú. Ó ti gba ewébẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ gbé òdòdó dání, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tán, ó sì gba òdòdó náà. Ó ní òfin ò mọ àna.

Èrò tó fẹ́ràn jù ni obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, tó máa ń kó àwọn ọmọbìnrin kọjá lóṣooṣù. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n, òun ń mú wọn lọ síbi iṣẹ́. Irú ẹ̀gbọ́n wo ló bímọ tó báyìí? Kòṣeébẹ̀ ò bèèrè. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé báàgì wọn máa ń mọ́ tónítóní.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì," ni Àǹtí máa ń wí.

Dádì á rẹ́rìn-ín, á tún fi í ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tó kù: "Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń pa òfin mọ́." Ó la ojú méjèèjì ń ṣọ́ eèrà, erin ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí dé pẹ̀lú ọmọbìnrin méje. Kòṣeébẹ̀ ṣí báàgì kejì, ọsàn kan jókòó gẹlẹtẹ sórí aṣọ.

Ojú Àǹtí yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kó jù ú nù ká máa lọ."

"Fọ́ọ̀mù la máa ń kọ, Àǹtí, a kì í jù ú nù."

Òfin ní ẹni tó ni báàgì nìkan ló lè wọ yàrá fọ́ọ̀mù. Àǹtí ti ti ẹsẹ̀ kan wọlé, Kòṣeébẹ̀ rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ku òun àti ọmọbìnrin tó ni báàgì náà. Tábìlì kan, àga méjì àti awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ló wà níbẹ̀.

"Orúkọ?"

"Èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà ni, àbí tèmi?"

Kòṣeébẹ̀ gbójú sókè. Ọmọ náà kò lè ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. "Ta ló di báàgì yìí?"

"Àǹtí ló dì í, èmi ni mo fi ọsàn sí i. Ó ti ń kìlọ̀ fún wa látàná pé ká má mú èso dání. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ibí ò ní wàhálà, bàbá eléso nìkan ni kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Mo ní bàbá yẹn gan-an ni mò ń wá."

Àǹtí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ ló ṣèlérí fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́nà, ọmọ náà gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé méje ló ń bọ̀, pé èyí tó kéré jù ló máa wọ́n jù.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Kòṣeébẹ̀ ni pé ọmọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ rúfin. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọmọ tí Àǹtí ti kó kọjá níwájú rẹ̀.

Kò láṣẹ lórí èèyàn, orí èso ni àṣẹ tirẹ̀ mọ. Ó jáde, ó kéde pé òun fura sí kòkòrò nínú ọsàn náà, bọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ títí. Kòṣeébẹ̀ ti pe àwọn ọlọ́pàá olú-ìlú. Wákàtí mẹ́ta ló fi ń gé ọsàn tó dá ṣáká wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó ń fi awò wò ó, títí mọ́tò wọn fi dé, tí wọ́n sì mú Àǹtí.

Àwọn ọmọ méje náà padà sílé. Ọ̀gá ọlọ́pàá sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń tọpinpin ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọ tà náà. Ìwé ẹ̀sùn ni Kòṣeébẹ̀ gbà ní tirẹ̀: kí ló dé tó fi dá bọ́ọ̀sì dúró nítorí ọsàn tí kò ní kòkòrò? Ó fèsì pé òun ṣàṣìṣe nípa ọsàn náà.

Lẹ́yìn náà, ó kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Gbogbo ọjọ́ tí Àǹtí kọjá fún ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: "Kò sí ìṣòro." Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń wá àwọn ọmọ tó ti lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn láti bèèrè. Wọ́n ti rí mẹ́rin.