Adìyẹ Ló San, Èmi Kọ́

Adìyẹ kan wà tí mo kórìíra ju orogún lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ̀yin náà á kórìíra rẹ̀.

Irun ni mo ń dì jẹun ní Ẹ̀jìgbò, nígbà tí àwọn ṣójà ṣì ń ṣe ìjọba. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà ń gbé mi bọ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún gún ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ yẹn kò kọjá ọmú mi mọ́.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ìlú Ola ló ń gbé, ọjọ́ ọjà ló sì máa ń wá kí n di irun fún òun. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè jókòó nílẹ̀, orí àga ló ń jókòó sí, èmi á dúró tì í. Kò gbé orí rẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. “Orí mi kì í ṣe igbá ìta tí gbogbo ọwọ́ ń bọ̀,” ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì fi gèlè bo irun tó ti ta kókó. Ọjọ́ ọjà ń kọjá, gèlè kò kúrò lórí rẹ̀. Ojú ń tì mí.

Mo lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tẹ èjìká mi títí, ó ní eegun kankan kò ṣẹ́, pé iṣan tó so apá mọ́ èjìká ló ya díẹ̀. Ó ní kò gba ọ̀bẹ. Ó ní ara máa ń tún ara rẹ̀ so bí èèyàn bá ní sùúrù: kí n sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà kí n máa gbé ọwọ́ náà sókè ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Háà! Àwọn ará ilé ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Wọn ò là á, wọn ò di nǹkan kan mọ́ ọn, irú ìwòsàn wo nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé, ó mọ ohun gbogbo láyé àfi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó mú ìpara kan jáde, ó ní òun làwọn Faransé fi ń mú kí iṣan tuntun hù. Ó ń rùn bíi kẹrosíìnì. Bí ọkọ mi bá ti fi ra èjìká mi tán, ẹ̀gbọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Sà fa!”, ìyẹn “Ṣé ara ti yá?”, bí ẹni pé Faransé ni èjìká mi ń gbọ́.

Nígbà tí ìpara kò ṣe nǹkan kan, ó ní, “Ìyàwó, múra. Isundunrin là ń lọ.”

Baba kan wà níbẹ̀ tó ń to eegun. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá ṣẹ́, á ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, á di ti adìyẹ, á di ti èèyàn, ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọ́n ń tú aláìsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò ṣẹ́ léegun!

“Ẹ jọ̀ọ́, baba,” mo ní, “dókítà ní iṣan ni.”

“Ṣé dókítà yẹn ti to adìyẹ rí?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pọ̀ jù. Baba ṣẹ́ adìyẹ ní ìyẹ́ apá, ó fi pákó pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í. Ó wá di apá tèmi mọ́ àyà gbọin-gbọin, ó ní n kò gbọdọ̀ mì í títí adìyẹ á fi fò.

A gbé adìyẹ náà bọ̀ wálé. Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọ́jú adìyẹ nìyẹn. Èmi tí n kò lè dá wẹ̀, mò ń da àgbàdo fún adìyẹ! Bí àlejò bá wọlé, “Adìyẹ ńkọ́?” ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo sùn.

Ó sì fò lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló fò gun orí ògiri, gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n tú mi sílẹ̀. “Gbé e sókè, ìyàwó.” Mo gbìyànjú. Apá ti gan bí igi ìdáná; ọwọ́ tó ń dé ọmú tẹ́lẹ̀ kò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mi mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí baba. Ó ní àìnígbàgbọ́ mi ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó dáa náà. Adìyẹ ní ìgbàgbọ́.

Ìyá mi gbọ́, ó wá. Ó ní kí n tẹ́ ẹní, kí n jókòó sórí àpótí. Ó di ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó ń kérora, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ó fi jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Ó tú gèlè.

“Ọwọ́ rẹ kò gòkè, èmi ti wá sí ìsàlẹ̀. Dì mí.”

Mo sunkún sí i lórí. Ìlàjì orí ni mo lè dì lọ́jọ́ náà, ó sì wé gèlè mọ́ ọn, ó lọ sílé.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó kúrò lórí ẹní, ó bọ́ sórí àpótí kékeré; nígbà tó tún yá, àpótí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi ń tẹ̀ lé orí rẹ̀ lọ sókè. Ohun tí dókítà wí gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tó padà sórí àga, tí mo dìde dúró tì í, tí mo dì í dé àtàrí, inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìpara òun ló ṣe é. Baba Isundunrin náà ránṣẹ́ pé òun ni. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pín in láàárín ara yín.

Orúnkún ìyá mi kò bọ̀ sípò mọ́ lẹ́yìn gbogbo ìjókòó ilẹ̀ yẹn. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí ó fi kú. Kò sí ẹni tó ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀ nítorí tirẹ̀.